Òjíire Ara Ògiri

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó tì mí yìí, ẹ béèrè ohun tí ó mú ojú mi yí padà lánàá, nígbà tí ọ̀kan nínú yín sọ pé òun mọ̀ pé ara ìyá òun le, nítorí pé ó hàn lórí fóònù pé ìyá náà ti rí ohun tí òun kọ ránṣẹ́. Kì í ṣe yín ni mo bínú sí. Ọ̀rọ̀ náà ni ó gbé mi lọ síbi tí ẹ kò mọ̀, sí òpópónà kan ní Sábọ̀n-Gàrí ní ìlú Kánò, níbi tí àwọn arúgbó ti ní ọ̀nà tiwọn láti mọ ẹni tí ó jí àti ẹni tí kò jí. Ọ̀nà náà ti parẹ́. Mo wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n kìlọ̀ fún yín. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì ni pé kí a máa bi ẹlẹ́rìí léèrè pé báwo ni ó ṣe mọ̀, èmi fúnra mi sì ni ẹlẹ́rìí tí mo fura sí jù lọ. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá padà ka ohun tí mo kọ, ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn ni ó gbé ìgbé ayé náà. Níbi tí ó bá ti dá mi lójú, n óò sọ fún yín. Níbi tí kò bá ti dá mi lójú, n óò sọ ìyẹn náà. Àgbà tí ó bá purọ́ fún ọmọdé ti da iyanrìn sínú gàrí ara rẹ̀.

Àwọn ọdún tí mò ń wí ni ọdún tí pọ́n-ùn ti di náírà, tí owó epo sì ń fa àwọn ọ̀dọ́ lọ bí ìṣàn odò. Àwọn òbí wa àgbà ti fi ọkọ̀ ojú irin wọ Kánò ní ayé òyìnbó. Wọ́n ta obì, wọ́n rán aṣọ, wọ́n ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n kọ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ilé sọ mọ́ ilé, ògiri kan láàárín ìdílé méjì. Wọ́n rán àwọn ọmọ lọ sí ìsàlẹ̀, ní ilẹ̀ Yorùbá, fún ẹ̀kọ́, púpọ̀ nínú wọn kò sì padà mọ́. Nígbà tí mo fi parí ẹ̀kọ́ mi tí mo padà wá ń kọ́ni ní ilé ìwé kan, òpópónà wa ti dà bí ẹnu àgbà: eyín díẹ̀, àlàfo púpọ̀. Nínú ilé tí ọmọ mẹ́wàá ti ń sáré kiri rí, ẹ óò bá ìyá arúgbó kan ní yàrá iwájú, àwọn ayálégbé tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ yóò sì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Wọn kò fẹ́ lọ. Bí ẹ bá béèrè ìdí, wọn a ní àwọn ti sin ọkọ síbẹ̀, àwọn ti sin ọmọ síbẹ̀. Ṣé kí àwọn wá fi òkú àwọn sílẹ̀, kí àwọn máa wá alààyè kiri?

Ìró ni ó kọ́kọ́ máa ń padà wá bá mi. Kí ojúmọ́ tó mọ́, ẹ óò gbọ́ ìpè àdúrà láti apá Gwagwarwa. Ẹ óò gbọ́ agogo ìjọ Àládùúrà wa, tí ó ń dún gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn nítorí pé àjákù ojú irin ni wọ́n fi rọ ọ́. Ẹ óò gbọ́ igi èjìká àwọn mai ruwa, àwọn Hausa tí ń fi agolo pọn omi tà láti ojúlé dé ojúlé, bí igi náà ti ń ké kín-ín-kín-ín lábẹ́ ẹrù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, fèrè ọkọ̀ ojú irin. Lónìí jẹnẹrétọ̀ ti bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá agogo náà dún tó bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nínú orí mi.

Ṣùgbọ́n láàárín ìpè àdúrà àti agogo, ìró kan wà tí àlejò kì í fiyè sí. Kó, kó, kó. Yóò dákẹ́. Kó, kó, kó, ní ilé tí ó kàn. Ìyẹn ni a ń pè ní òjíire.

Bàbá Rélùwéè, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ilé igun. Wọn a fi ìdí ọmọ odó lu ògiri tí ó pààlà àwọn àti Ìyá Ọ̀fà. Bí Ìyá Ọ̀fà bá gbọ́, wọn a kọjá sí ògiri wọn kejì, wọn a lù ú sí Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìyá Àgbà a lù ú sí ẹni tí ó kàn. Báyìí ni yóò máa lọ títí dé ilé ìkẹyìn, níbi tí wọn yóò ti gbé bẹ́ǹṣì kan jáde sábẹ́ igi dóńgóyárò. Bí bẹ́ǹṣì bá ti wà níta, gbogbo òpópónà mọ̀ pé kò sí arúgbó tí ó sùn kọjá ojúmọ́. Ìró náà kì í padà sẹ́yìn; ẹni tí ó lu ògiri kò ní gbọ́ èsì. Nítorí náà, olúkúlùkù ni olùṣọ́ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ débi tí o fi lè rí ilà àtẹ́lẹwọ́ rẹ, tí ògiri rẹ kò sì tíì dún, dìde, lọ wo ẹnìkejì rẹ.

Òfin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: a kì í bá ẹni jí. O lè bá èèyàn pọn omi, o lè bá a fọ aṣọ, o lè bá a gbààwẹ̀ pàápàá bí ara rẹ̀ kò bá yá. O kò gbọdọ̀ bá a lu ògiri.

Ẹ má rò pé ohun ìbànújẹ́ ni nígbà gbogbo. Ní ọdún kan, nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ayálégbé kan so àgbò mọ́ ẹ̀yìn ilé wa. Ní ọ̀sán gangan, àgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kan ògiri. Ìyá kan tí oorun ọ̀sán ti gbé lọ ta jí, wọ́n sì lù ú síwájú. Ẹni tí ó kàn lù ú síwájú. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, bẹ́ǹṣì ti wà níta, àwọn arúgbó sì ń kí ara wọn pé ẹ káàárọ̀ nínú oòrùn tí ó lè dín ẹyin. Bàbá Rélùwéè ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé àgbò ni olórí ilé wa. Nígbà tí Iléyá dé, tí àwọn ayálégbé Mùsùlùmí gbé ẹran wá fún wa gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti máa ń gbé ìrẹsì fún wọn ní Kérésì, Ìyá Ọ̀fà ti àwo tiwọn sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn kò lè jẹ ẹni tí ó ti kí àwọn.

Irú èèyàn tí Ìyá Ọ̀fà jẹ́ nìyẹn. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, ẹnu wọn mú ju abẹ lọ. Aṣọ funfun ìjọ ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi gbogbo, àní lọ sí ọjà, níbi tí wọ́n ti ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀ títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kan náà ni ó gbé àwọn àti Ìyá Àgbà wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, lórí ìjókòó kan náà, tí ọ̀kan ń sunkún, tí èkejì sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Èwo ni ó sunkún? Títí di òní mi ò mọ̀, nítorí pé olúkúlùkù wọn ní èkejì ni.

Ní ìgbà ọyẹ́ tí mò ń sọ yìí, làkúrègbé ti mú ọwọ́ Ìyá Ọ̀fà. Ọyẹ́ Kánò kì í ṣe ti ìsàlẹ̀. Ó máa ń la ètè, ó máa ń sọ ìka arúgbó di ẹ̀ka igi. Ní àárọ̀ kan, ògiri wa kò dún. Ìyá Àgbà lọ wò, wọ́n sì bá ọ̀rẹ́ wọn ní ìjókòó lórí ibùsùn pẹ̀lú ọmọ odó lórí itan, tí wọ́n ń gbìyànjú láti rántí ohun tí àwọn fẹ́ fi í ṣe. Ní àárọ̀ mìíràn, wọ́n lu ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò le ju ti ẹni tí ń gbá ọmọ lẹ́yìn kí ó lè sùn. Arábìnrin kan nínú ìjọ gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìbàdàn, níbi tí Sámúẹ́lì, ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún Ìyá Ọ̀fà, ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba.

Sámúẹ́lì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè wí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ tí ó bá wá mú ìyá rẹ̀ kúrò nílé ni a máa ń sọ di ìkà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. A jọ dàgbà ni. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ó ti gbọ́ nípa bàbá kan ní àdúgbò Yankaba tí ó kú sínú yàrá rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ títí àwọn eṣinṣin fi sọ fún àwọn aládùúgbò. Ó wọ Kánò pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin méjì fún ọjọ́ Ẹtì, ó wọ̀ sí ilé olùṣọ́-àgùntàn ìjọ, ó sì ní kí n bá òun lọ kí ìyá òun, bóyá ojú mi yóò mú kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ṣàlàyé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ń gbé, omi ẹ̀rọ tí ń yọ nínú ilé, dókítà tí kò jìnnà, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì mọ ìyá bàbá wọn dáadáa. Ìyá Ọ̀fà gbọ́ ọ títí ó fi parí. Wọ́n ní Ìbàdàn tí ó ń sọ yẹn, òkè gun òkè ni. Ẹsẹ̀ tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kánò ti mọ́ lára kò lè lọ kọ́ òkè gígùn lárúgbó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá àwọn ọmọ náà ń lọ sí ilé ìwé láàárọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó ń lọ síbi iṣẹ́."

"Ìwọ náà ń lọ síbi iṣẹ́. Ó wá ku èmi àti ajá."

"A ò ní ajá, Mama."

"O rí i. O tiẹ̀ ti gba ajá lọ́wọ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín, Sámúẹ́lì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mama, bí ẹ bá ṣubú nínú yàrá yìí, ta ni yóò mọ̀?"

Ìyá Ọ̀fà na ìka sí ògiri. "Ìyẹn á sọ."

Sámúẹ́lì wo ògiri náà. Ó wá ní ó dáa, kí ògiri sọ. Bí òjíire bá ń kọjá lójoojúmọ́ títí di Ọjọ́bọ̀, tí kò sí ẹni tí ó ní láti wá wo ìyá òun, òun yóò dá tíkẹ́ẹ̀tì kan padà, òun nìkan yóò sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan péré, wọn yóò bá òun lọ láìjiyàn. Ìyá Ọ̀fà ní àwọn gbà. Bóyá ìgbéraga ni ó gbà, bóyá ìfẹ́ ilé. Àwọn méjèèjì máa ń wọ aṣọ kan náà.

Láti ọjọ́ náà, ìbàlẹ̀ ọkàn kúrò ní òpópónà wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Sámúẹ́lì ti máa ń wà lábẹ́ dóńgóyárò, tí ó fi ṣẹ́ẹ̀tì kan wé ọrùn, tí eruku ọyẹ́ sì ń mú un wúkọ́. Àwọn arúgbó tí oorun wọn kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ kò wá sùn mọ́. Ẹ óò gbọ́ bí wọ́n ti ń họ ọ̀fun láti yàrá dé yàrá, tí olúkúlùkù di ọmọ odó mú, tí ó ń dúró. Bàbá Rélùwéè sọ fún mi pé ọwọ́ àwọn kò gbọ̀n tó báyìí rí, àní ní ọjọ́ tí àwọn fi ń darí ọkọ̀ tí ó gbé gómìnà. Bí ìró náà bá ti kọjá ilé wa, Ìyá Àgbà a mí kanlẹ̀, wọn a jókòó sórí ìtìsẹ̀, wọn a ní, "Ó tún bọ́." Ìró láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀fà ń rẹlẹ̀ sí i ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà ti wá ń fi etí lé ara ògiri kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀ ni ó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ọkọ̀. Níbí ni mo ti ní láti ṣọ́ra. Yàrá mi kan ti Ìyá Àgbà, mo sì ti jí. Mo gbọ́ ìpè àdúrà. Mo gbọ́ bí Ìyá Àgbà ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mo gbọ́ kó, kó, kó lára ògiri iwájú, èyí tí àwọn fúnra wọn máa ń lù. Ti ẹ̀yìn ńkọ́, ti Ìyá Ọ̀fà? Nígbà mìíràn ó máa ń dà bíi pé mo rántí ìdákẹ́jẹ́ kan tí ó gùn. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò pé ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn náà ni ó lọ gbé ìdákẹ́jẹ́ náà kalẹ̀ síbẹ̀. Ta ni ó lè búra pé òun rántí ohun tí kò dún?

Ohun tí ó dá mi lójú ni èyí tí Ìyá Àgbà fi ẹnu ara wọn sọ ní ọjọ́ yẹn kan náà. Ògiri kò dún. Wọ́n dúró. Ilẹ̀ ń mọ́. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì rí ilà rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ikọ́ Sámúẹ́lì láti abẹ́ igi. Wọ́n rò ó pé oorun ni ó gbé ọ̀rẹ́ àwọn lọ, gẹ́gẹ́ bí i ti tẹ́lẹ̀. Pé bí àwọn bá jáde lọ wò ó, ọmọ yóò rí àwọn, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Pé kí ọmọ kọ́kọ́ lọ, kí àwọn wá wọlé lọ bú u dáadáa. Wọ́n gbé ọmọ odó sókè, wọ́n sì bá Ìyá Ọ̀fà jí.

Òjíire lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì jáde. Sámúẹ́lì dìde, ó fi ọwọ́ gbá eruku orí bẹ́ǹṣì náà bí ẹni ń gbá ẹṣin tí ó borí nínú eré ìje, ó ní ìyá òun ti ṣẹ́gun òun. Ó ní kí òun tètè lọ dá tíkẹ́ẹ̀tì padà kí èrò tó kún teṣàn, kí òun wá padà wá jẹun lọ́dọ̀ ìyá òun. Ó gba ẹnu ọ̀nà Ìyá Ọ̀fà kọjá, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn wọn, kò kàn án.

Ìyá Àgbà kò fẹnu kan kúnú wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo àbáwọlé, títí Sámúẹ́lì fi yà ní igun. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn lọ. Ọ̀nà tí kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ ni, ṣùgbọ́n wọ́n di apá mi mú bí ẹni ń la odò kọjá.

Ilẹ̀kùn wà ní títì láti inú. Ìyá Àgbà pe Ìyá Ọ̀fà ní ọ̀rẹ́, wọ́n pè wọ́n ní orúkọ tí mi ò mọ̀ pé wọ́n ń jẹ́, orúkọ ọmọdé. Kò sí èsì. Malam Audu, mai ruwa tí ń gbé omi fún àwọn ilé wa, dé lákòókò náà. Ó wo ojú wa, ó sì gbé agolo rẹ̀ kalẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Èmi àti òun gun ògiri ẹ̀yìnkùlé, a bọ́ sínú àgbàlá, a sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé.

Ìyá Ọ̀fà wà nílẹ̀, láàárín ibùsùn àti ògiri wa. Ẹsẹ̀ kan ká sábẹ́ wọn. Ọmọ odó ti yí lọ síbi tí ọwọ́ wọn kò lè dé. Ojú wọn là sílẹ̀. Ara wọn tutù bí ìkòkò omi, Malam Audu sì ti bọ́ aṣọ òkè rẹ̀ ó fi bò wọ́n kí n tó mọ ohun tí n óò ṣe. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, Ìyá Àgbà wọlé. Ìyá Ọ̀fà kò wò wọ́n. Èmi ni wọ́n wò.

"Ta ló bá mi jí?"

Wọ́n tún sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ohun tí a kọ sí òrùlé.

"Mo gbọ́ ti Rélùwéè. Mo dìde, ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Mo ní kò burú, ògiri ò ní dún, ọ̀rẹ́ mi á wá wò mí. Mo wá gbọ́ ọ tó kọjá, ilé dé ilé, títí tí wọ́n fi gbé bẹ́ǹṣì. Ọmọ mi fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, mo pè é, ohùn ò jáde. Mo wà láàyè níta, mo sì ń kú níbí."

Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni."

Ìgbà tí Sámúẹ́lì fi dé, a ti gbé wọn sórí ibùsùn. Ó ń rẹ́rìn-ín wọlé ni, ó ra ọsàn lọ́wọ́. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín, wọn kò wá àwáwí kankan kún un. Mo ti ń retí kí ó pariwo. Kò pariwo. Ó gbé ọsàn náà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wí fún Ìyá Àgbà pé, "Mama, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi ní ìdajì. Ẹ tún fẹ́ pa ẹni tó tọ́ ìdajì kejì." Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì tẹ́wọ́ gbà á.

Dókítà ní egungun ẹsẹ̀ ti sán, kò dá, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé wọn wọ ọkọ̀ títí yóò fi jinná. Iṣẹ́ ń pe Sámúẹ́lì ní Ìbàdàn. Ó fẹ́ kí àwọn obìnrin ìjọ máa pín ọjọ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò sí arúgbó tí a lè fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a pín. Ìyá Àgbà kò dá sí ìjíròrò náà. Wọ́n kàn sún ibùsùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì ní kí èmi àti Malam Audu lọ gbé ti Ìyá Ọ̀fà wá. Bí a ti ń gbé wọn wọlé, Ìyá Ọ̀fà ní, "Ilé ẹni tó bá mi jí lẹ ń gbé mi lọ? Ó dára. Kó máa bá mi jẹun pẹ̀lú, kí n lè tètè sinmi." Sámúẹ́lì ní òun ń padà bọ̀ wá mú wọn lójú ẹsẹ̀ tí egungun bá ti mú, kò sì sí ẹni tí ó ní ẹnu láti bá a jiyàn.

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìyẹn ni Yorùbá ìkẹyìn tí Ìyá Ọ̀fà sọ lójú ọ̀rẹ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, Hausa ni. Ẹ ní láti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Fún wa, Hausa jẹ́ èdè ọjà, èdè tí a fi ń bá oníbàárà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ayálégbé ń fi í ṣeré, ṣùgbọ́n arúgbó Yorùbá kì í bá ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ wá sọ ọ́ nínú yàrá. "Hajiya, kawo ruwa," ni Ìyá Ọ̀fà yóò wí, bí ẹni ń ní kí olóúnjẹ kan gbé omi wá. Ìyá Àgbà a gbé omi wá. "Omi rèé, ọ̀rẹ́." Wọn a dúpẹ́: "Na gode, Hajiya." Àwọn obìnrin ìjọ tí wọ́n wá kí wọn bi mí léèrè ìgbà tí Ìyá Àgbà lọ sí Mẹ́kà. Ìyá Àgbà ń fi òrí pa ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́, wọ́n ń fi Yorùbá sọ gbogbo ìròyìn òpópónà, ẹni tí ó bímọ, ẹni tí télọ̀ ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Ìyá Ọ̀fà a máa dáhùn ní Hausa pé, to, madalla, ìyẹn ni pé ó dára, bí ẹni tí kò tilẹ̀ ra ọjà.

Àṣà ògiri náà kò tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Bàbá Rélùwéè ṣì ń lù ú láàárọ̀, sí yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, bóyá nítorí pé ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n. Wọn a wá gbé ọ̀pá, wọn a fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n fi ojú rí olúkúlùkù. Kò sí ẹni tí ó gba ìró gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, tí àwọn ọmọ tí wọ́n jogún ilé sì wó ògiri amọ̀, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, tí olúkúlùkù dá ògiri tirẹ̀ mọ. Àwọn kan kó lọ sí Hotoro ní ẹ̀bá ìlú, níbi tí àyè ti wà láàárín ilé sí ilé. Mi ò sọ pé ó burú. Ẹni tí ó bá sọ pé ayé àtijọ́ dára jù, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti dùbúlẹ̀ rí ní ilẹ̀ tútù, tí ó ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń kéde pé ó wà láàyè.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí Sámúẹ́lì padà. Egungun ti mú. Ìyá Ọ̀fà ti ń fi ọ̀pá rìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Ó tún ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Kò bá wọn dúnàádúrà ní ọjọ́ náà, àdéhùn ni ó wá gbà, gbogbo wa sì mọ̀ pé ó tọ́ sí i. Bàbá Rélùwéè wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà ti di ẹrù ọ̀rẹ́ wọn láti àná: aṣọ funfun, àwo, abẹ́là àdúrà. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù náà, wọn kò bẹ̀bẹ̀.

Sámúẹ́lì ní, "Mama, àkókò tó, ẹ jẹ́ ká lọ sùn nílé olùṣọ́-àgùntàn nítorí ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la."

Ìyá Ọ̀fà kò dìde. Wọ́n wo ẹrù náà, wọ́n wo ẹni tí ó dì í. Wọ́n wá dojú kọ ọmọ wọn.

"Mi ò tíì bá obìnrin yìí jà tán. Bí mo bá tẹ̀ lé ọ, ta ni mo máa bá jà ní Ìbàdàn?"

Sámúẹ́lì ṣí ẹnu láti sọ nípa àdéhùn. Ó wo Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti yí ojú sí ògiri. Ó jókòó sórí ẹrù náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ní ọjọ́ kejì, òun nìkan ni ó wọ ọkọ̀.

Nínú yàrá yẹn ni Ìyá Ọ̀fà gbé títí wọ́n fi kú, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán, tí ọ̀rẹ́ wọn jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ń yọ mí lẹ́nu. Yorùbá ni mo ti máa ń fi sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ọmọ wọn sọ ní ọjọ́ ẹrù náà láti ìgbà yẹn, bí mo ti sọ ọ́ fún yín nísinsìnyí. Bàbá Rélùwéè kò gbà. Títí wọ́n fi kú, wọ́n ní Hausa ni Ìyá Ọ̀fà sọ, gbogbo rẹ̀ pátá, àti pé èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ nínú orí mi nítorí pé mo fẹ́ kí ìjà náà parí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni, á jẹ́ pé wọ́n ti dárí ji ara wọn ní ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ Hausa ni, á jẹ́ pé wọn kò tíì rẹ́, tí Ìyá Ọ̀fà sì yàn láti dúró ti ìbínú wọn ju kí wọ́n lọ síbi tí wọn kò ti ní ẹni tí wọn yóò bínú sí. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò títí, mi ò sì mọ èyí tí ó tóbi jù nínú méjèèjì.

Èyí tí mo lè búra sí ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ gbéra, kí agogo tó dún, mo gbọ́ àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì láti yàrá mi tí wọ́n ń jà lórí ṣúgà inú kúnú.